Àwọn tó ń sanwó ariwo kò sí nílé

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àwọn agékoríko. Tí mo bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí mo yà sí àdúgbò wa, ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù wọn máa ń dúró sí, níwájú ilé kẹta sí tiwa, ni ojú mi ń kọ́kọ́ lọ. Bí n kò bá rí i níbẹ̀, inú mi á dùn bí inú ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ẹ̀tàn ni ṣá. Wọn kò tíì dé ni.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan níbí ní Maryland. Aago 11 alẹ́ ni mò ń wọlé, aago 7 àárọ̀ ni mò ń jáde. Ọdún kẹsàn-án rèé. Kí n tó délé, kí n wẹ̀, kí n fi nǹkan sẹ́nu, kí n bá àwọn ọmọ wá ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù kí bọ́ọ̀sì iléèwé tó dé, aago 9 ti ku díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Mo ra kọ́tìnì dúdú tí kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé, mo ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí, mo sì máa ń tan fáànù nítorí ohùn rẹ̀, kódà nínú oṣù January tí yìnyín wà nílẹ̀. Ọkọ mi ní ìyàwó òun nìkan ló ń tan hítà àti fáànù pa pọ̀ ní gbogbo Silver Spring.

Ojú mi á ti máa rì lọ báyìí ni wọ́n á dé.

Mo mọ ètò iṣẹ́ wọn bí mo ṣe mọ ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Maṣíìnì ńlá tí wọ́n ń gùn ló ń ṣíwájú, èyí tó ń gé koríko ilẹ̀ gbayawu tó wà láàárín àwọn ilé. Ìyẹn kì í bí mi nínú jù, ohùn kan náà ló ní, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń kùn bí àgbàlagbà tí wọn kò fún lóúnjẹ lásìkò. Olókùn ló tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n fi ń gé koríko ìdí igi àti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Tòun dà bí ẹ̀fọn tó tóbi tó ewúrẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń fá etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí irin rẹ̀ máa ń ha kọnkéré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí eyín mi á kan lórí ibùsùn níbi tí mo wà. Gbogbo èyí, mo lè fara dà á. Mo tiẹ̀ ti sùn nínú rẹ̀ rí.

Afẹ́wé ni kò ṣeé fara dà.

Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ kò rí i rí, ẹ fojú inú wo maṣíìnì tí ọkùnrin kan pọ̀n sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, tó ní ọ̀pá gígùn kan bí ọwọ́jà erin. Atẹ́gùn ló ń ti ẹnu ọ̀pá náà jáde, ó sì lè yára tó 200 máìlì ní wákàtí kan. Kí ni wọ́n fi ń ṣe? Wọ́n fi ń fẹ́ ewé àti koríko tí wọ́n ti gé kúrò lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí màámi ń fọwọ́ ṣe ní àgbàlá wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kí ìrì tó gbẹ nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi í jí. Bí a bá tiẹ̀ jí, ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ ìgbálẹ̀ yẹn tún máa ń kó oorun míì bá wa ni.

Ohun tó burú nínú ti afẹ́wé ni pé ohùn rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ẹni tó pọ̀n ọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Á lọ sókè fìì, á rọlẹ̀, ọkàn rẹ á ní ó ti tán, á tún bú jáde. Ìró tó wúwo tó wà nísàlẹ̀ ohùn rẹ̀ sì ń gba ara ògiri kọjá, ó ń gba fèrèsé onígíláàsì méjì kọjá, ó ń gba ohun tí mo fi dí etí kọjá. Àyà ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàròyé rẹ̀ fún màámi lórí fóònù, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. "Ìwọ! Ìwọ tó sùn ti jẹnẹrétọ̀ fún odidi ọdún mẹ́wàá?" Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé tí a gbé ní Mọ́kọ́lá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, mẹ́fà nínú àwọn ayálégbé á fa jẹnẹrétọ̀ wọn, àwọn kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I-pass-my-neighbour, tí wọ́n tò sẹ́yìn ilé bí ìkòkò aláró. Ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni fèrèsé yàrá wa wà. Mo kàwé ìdánwò WAEC níbẹ̀, mo sì yege. Oorun tí mo sùn níbẹ̀, kò sí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ohun kan tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a kó dé ilé tí a wà báyìí. Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo ń tú ẹrù, ni òórùn kan bá wọlé. Ńṣe ni mo dúró gbagidi pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Mọ́kọ́lá ni òórùn náà! Pẹtiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́. Èmi ni wọ́n sábà máa ń rán lọ ra ọ́ìlì yẹn nígbà yẹn, inú ìgò kékeré ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n sí, a ó dà á sínú pẹtiróòlù, a ó mi ín. Èmi kò mọ̀ pé irú ẹ́ńjìnì kan náà ni afẹ́wé ní. Ẹ́ńjìnì wọ̀nyí kì í ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, pẹtiróòlù àti ọ́ìlì jọ ń wọlé ni, ó sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta epo náà tí kì í jó rárá kó tó bá èéfín jáde. Ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì. Àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ ní California ṣírò rẹ̀ pé, ní ti irú ìdọ̀tí tó ń di kùrukùru sójú ọ̀run ìlú, kéèyàn lo afẹ́wé ńlá fún wákàtí kan dà bí kéèyàn wa Toyota Camry fún 1,100 máìlì. Mo bá wọn ṣírò rẹ̀ sí tiwa: ó tó kéèyàn lọ Èkó láti Ìbàdàn kó sì padà, lẹ́ẹ̀meje. Nítorí ewé.

Ìbéèrè màámi kò kúrò lọ́kàn mi ṣá. Èéṣe tí mo fi lè sùn ti mẹ́fà, tí n kò lè sùn ti ẹyọ kan?

N kò fẹ́ parọ́ pé jẹnẹrétọ̀ dára. Èéfín rẹ̀ ti pa odidi ẹbí mọ́jú lórílẹ̀-èdè wa, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì jẹ́ kí bàámi sùn dáadáa títí wọ́n fi kú. Àmọ́ mo mọ ẹni tó ni ariwo kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń kọ́ bí ẹni ikọ́ fée, ti alágbàfọ̀ ni, aṣọ ìyàwó ló ń lọ̀ fún ọjọ́ Sátidé. Èyí tó ń sọ gbì-gbì, ti ìyá aláìsìkiriìmù ni, kó má baà di omi. Tí ọ̀kan bá pọ̀ jù, màámi á yọjú, wọ́n á ní, "Bàbá Alágbàfọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ ń ṣe ìdánwò lọ́la." Bàbá á sì wọ́ ọ jìnnà díẹ̀. Tí iná bá dé, gbogbo àdúgbò á hó yèè, wọ́n á pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ̀lé e á dà bí omi tútù lára ẹni. Ariwo yẹn ní ìdí, ó ní olówó, ó ní òpin.

Ta ni mo máa yọjú sí níbí? Mo rìn yí àdúgbò po lọ́jọ́ kan ní aago 10 àárọ̀, pẹ̀lú bùbá òru àti bàtà ọkọ mi, mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ewé fún. Kò sí mọ́tò kankan níwájú ilé. Gbogbo wọn ti lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn tó ń sanwó ariwo kò sí nílé láti gbọ́ ọ! Èmi ló ń gbọ́ ọ, àti ìyàwó kékeré kan nílé kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ fún mi pé òun máa ń bọ́ ẹ̀rọ tí òun fi ń gbọ́ràn kúrò létí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo jowú bàbá yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ara mi ló le. Ní oṣù May ọdún 2021, àwọn kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní cicada jáde nílẹ̀ níbí. Ọdún 17 ni wọ́n máa ń lò lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kẹ́ àìmọye, ojú wọn pupa wẹ̀ẹ̀, àwọn akọ wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí igi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ torí àtirí aya. Ọkọ mi kò lè bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọgbà láìpariwo. Mo sùn ti wọn o! Mo sùn bí ọmọ tuntun, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. (Ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé tí wọ́n bá gbọ́ maṣíìnì ìgékoríko, ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń rò pé ó jẹ́, wọ́n á sì fò lọ bá ẹni tó ń gé e. Èmi fojú mi rí i: àwọn ọkùnrin yẹn ń sá kiri, kòkòrò ń bà lé wọn létí. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín.)

Ẹ̀rín yẹn ló tì mí lójú lẹ́yìn náà tí mo fi gbé omi lọ fún wọn. Mẹ́ta ni wọ́n. Ẹni tó máa ń pọn afẹ́wé kò dàgbà jù mí lọ, ọmọ El Salvador ni, ó fi ohun ìbotí bo etí méjèèjì. Èdè Òyìnbó rẹ̀ àti tèmi pàdé ní agbedeméjì. Mo ní èmi ni mo ń sùn lẹ́yìn fèrèsé yẹn, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ó wo ojú mi, ó ní ìyàwó òun náà ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ó ń nu ọ́fíìsì. Mo bi í pé ilé mélòó ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́. Ó na ìka mẹ́wàá sókè, ó pa wọ́n dé, ó tún na méje. Mo bi í bóyá wọ́n lè fi tiwa kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àgbọ̀n júwe ọkọ̀ akẹ́rù, ibi tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn wà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni òun ń jẹ́.

Mo padà wọlé, oorun ti dá lójú mi, ni mo bá ń ka ìwé nípa rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn onímọ̀ nípa ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ariwo tó jẹ́ 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òun ni wọ́n fi ń wọn ariwo), wákàtí mẹ́jọ ló yẹ kéèyàn lò nínú rẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi 3 lé sí i, àkókò yẹn pín sí méjì. Nígbà tó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù, afẹ́wé onípẹtiróòlù sì lè tó bẹ́ẹ̀ létí ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ilé 17 lójúmọ́. Èmi lẹ́yìn ògiri mi, mo ní òun ló ń dà mí láàmú.

Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Ẹgbẹ́ àwọn onílé, tí wọ́n ń pè ní HOA, ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wa lóṣooṣù tí wọ́n fi ń san owó àwọn agékoríko. Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ṣe ìpàdé náà. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, mo wé gèlè kékeré kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wá fún ọ̀rọ̀ gidi. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí afẹ́wé máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán. Arábìnrin kan fi pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé aago 10 àárọ̀ ló dára jù, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé tí yóò dí lọ́wọ́ nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà, ṣùgbọ́n èmi wà nílé." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún àbá mi. Ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ló kàn.

Wọn kò sì rú òfin kankan. Ní Montgomery County tí a wà yìí, láti aago 7 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́ ni òfin ariwo kà sí ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀, aago 9 àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí àwa tí òru wa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 àárọ̀, bẹ́ẹ̀ a pọ̀ o! Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́dẹ, ẹ ka iye ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú wọn láti Silver Spring títí dé Bowie. Àṣìṣe kan tún wà tí mo ṣe: mo ní kí ọkọ mi jẹ́ kí koríko iwájú ilé wa ga tó bó ṣe wù ú, kí wọ́n má wulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́tà ló wọlé. Àṣé tí koríko bá ti ga ju 12 ínṣì lọ níbí, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ilé wọn wà nínú Washington gan-an, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òfin ti lé afẹ́wé onípẹtiróòlù kúrò lọ́dọ̀ tiwọn láti oṣù January ọdún 2022. Ẹni tí wọ́n bá mú lè san tó $500. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ń dá mi lárayá ni. Òótọ́ ni o, tiwa náà sì tẹ̀lé e: láti ọjọ́ kìíní oṣù July ọdún 2024, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á ní Montgomery County mọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù July ọdún 2025, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó. Mo fi ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà bí ọjọ́ ìbí. Mo fi ránṣẹ́ sí màámi lórí WhatsApp. Wọ́n dáhùn: "Wọ́n ṣòfin nítorí ìgbálẹ̀?"

Ó dé. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ má sùn. Oníbátìrì ni wọ́n gbé wá. Kì í ṣe pé ó dákẹ́ o. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń han bí ẹ̀rọ dókítà eléyín, ṣùgbọ́n ìró tó wúwo yẹn kò sí nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ògiri ni agbára rẹ̀ ń pin sí. Fáànù mi borí rẹ̀. Òórùn Mọ́kọ́lá kò sì wọlé mọ́. Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ó ṣe mí bákan fún ọjọ́ méjì.

Maṣíìnì ńlá ṣì ń jẹ pẹtiróòlù, òfin tiwa kò kàn án. (Ní California, láti ọdún 2024 ni wọn kò ti gbọdọ̀ ṣe irú ẹ́ńjìnì kékeré bẹ́ẹ̀ ní tuntun fún títà mọ́, tòun ti maṣíìnì ìgékoríko.) Ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá àwọn ilé òdìkejì títì ṣiṣẹ́ ṣì ń pọn onípẹtiróòlù, bíi pé wọn kò gbọ́. Ìjọba ní kí ẹni tó bá rí wọn fẹjọ́ wọn sùn. Mo ti ṣí fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù. Mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo kọ òpópónà. Mo wá ń rò ó pé orí ta ni owó ìtanràn yẹn máa bọ́ lé gan-an kó tó dé orí ọ̀gá, ìka méje yẹn sì ń bọ̀ lójú mi. Mo pa á dé. Ọkọ mi ní òmùgọ̀ ni mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi yìí kan náà ló ronú ọgbọ́n kan nínú oṣù November, nígbà tí igi óòkù iwájú ilé wa gbọn gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́rú, òun àti àwọn ọmọ gbé réèkì jáde, wọ́n tan iná iwájú ilé, wọ́n kó gbogbo ewé pátá sínú àpò bébà, àpò mọ́kànlá, wọ́n tún gbá ọ̀nà ẹsẹ̀ títí dé iwájú ilé ìyàwó tó bímọ. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. "Ká wo ohun tí wọ́n máa fẹ́ lọ́la," ni ọkọ mi wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo dúró sí ojú fèrèsé, mo fa kọ́tìnì díẹ̀. Aago 10 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rẹ́ mi ará El Salvador dé iwájú ilé wa. Ó wo ilẹ̀. Ó wo àwọn àpò bébà tó tò sétí títì. Ó gbójú sókè, ó rí mi, mo juwọ́ sí i, òun náà juwọ́. Ó wo ẹ̀yìn sí ọkọ̀ akẹ́rù, ibi tí ọ̀gá jókòó sí, tó ń fi péńsùlù sàmì sí ìwé. Ó gbé èjìká sókè, ó tan maṣíìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ilẹ̀ tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé títì, gírígírí, kò fo ibì kankan.

Ewé kan já bọ́ láti orí igi. Ó padà wá, ó fẹ́ ẹ.